A Máa Ń Gba Inú Thorngill Ni

Ní Hesledale, a kì í kàn lọ síbì kan. A máa ń gòkè lọ sí Blea Rigg. A máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò. Bó bá jẹ́ Garsby ni, níbi tí ọjà wà, à ń jáde lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Keld End ni, à ń wọlé lọ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahéré kan ṣoṣo ló wà ní Keld End, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbá a lójú láti ìhà gbogbo. Ibẹ̀ ni àfonífojì wa parí sí, ìdí nìyẹn. Bí èèyàn bá dé, tó ní òun ń lọ sí Garsby lásán, tí kò sọ bóyá ó ń jáde ni àbí ó ń wọlé, a mọ̀ pé àlejò ni. A ó fún un ní tíì. A kò ní fún un ní àgùntàn kó bá wa dà.

Keziah Raine ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oko rẹ̀, High Fold, ló kángun sí ilé mi. Iṣẹ́ ògiri ni mò ń ṣe, ògiri òkúta tí a ń tò láìfi sìmẹ́ńtì sí i. Àgùntàn ni iṣẹ́ tirẹ̀. A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n nà án.

Tíṣà tuntun kan ni, obìnrin láti ìlú ńlá. Ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan ibi tí bàbá wa wà.

Keziah ní, "Bàbá mi jáde lọ sí Garsby, mà."

"Ṣé inú yàrá kan ni ẹ̀ ń gbé, tó fi jáde?"

"Rárá, mà."

"Nígbà náà, ó lọ sí Garsby. Tún un sọ."

"Ó jáde lọ sí Garsby, mà."

Tíṣà nà án lọ́wọ́ ọ̀tún. "Tún un sọ."

"Ó jáde lọ ni."

Tíṣà nà án lọ́wọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí agogo fi lù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Kí lo ṣe?" Keziah ní, "Wọ́n béèrè ibi tí bàbá mi wà. Mo sọ fún wọn."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Kò yí padà.

Ó fẹ́ Amos Raine. Yìnyín ọdún 1947 ló pa Amos lórí Blea Rigg, níbi tó ti ń wa àgùntàn jáde lábẹ́ òkìtì yìnyín. Àwọn ẹ̀gbọ́n Amos wá, wọ́n ní kó ta agbo náà.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ni yóò máa dà wọ́n gòkè?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Obìnrin ni ọ́."

"Àgùntàn kò tíì ṣàkíyèsí."

Nígbà ìrúwé tó tẹ̀lé e, ó fa àgbò rẹ̀ lọ síbi ìdíje àgbò ní Garsby, níbi tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló ń fa àgbò wọ inú ọgbà. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ní àwọn obìnrin wà nídìí tíì. Keziah ní, "Àgbò mi kì í mu tíì." Ó wọlé. Ipò kejì ni wọ́n fún un. Ó ní ojú kan ṣoṣo ni adájọ́ náà ní, ẹyọ kan yẹn pàápàá kò sì dára.

Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ" mọ́. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn látijọ́, òbí ẹni nìkan là ń pe bẹ́ẹ̀. Dókítà, àlùfáà, ọlọ́pàá, "ìwọ" ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan bínú. Ó jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ó yẹ kí n sọ bí àgùntàn ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kò sí ògiri lórí Blea Rigg. Agbo mélòó kan ló ń jẹ̀ níbẹ̀, agbo kọ̀ọ̀kan sì mọ ààyè tirẹ̀. Abo àgùntàn ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà á bá a rìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀, á mọ ọ̀nà, á mọ ibi tí koríko àwọn wà àti ibi tí àwọn lè sá sí bí ìjì bá dé, á sì kọ́ ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí agbo bá kúrò, o kò lè ra òmíràn fi dípò. Àjèjì àgùntàn á sá kiri òkè títí á fi kú. Bí àwọn ọmọ ọdún kan kò bá sì gòkè, okùn náà já nìyẹn.

Ọ̀nà tí agbo Keziah ń gbà gòkè gba inú àgbàlá Thorngill, láàárín ilé ìdáná àti abà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kan lára ògiri ẹ̀yìn jáde sórí òkè. Hird arúgbó ló ni Thorngill. Nígbà tí Hird kú, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lorimer rà á. Láti gúúsù ló ti wá, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kan tó jẹ mọ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí gbogbo àgbàlá. Ó gbin òdòdó sínú ọpọ́n òkúta tí ẹran Hird ń mu omi nínú rẹ̀. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Garsby, wọ́n tún ògiri ẹ̀yìn ṣe. Lẹ́yìn náà ó ti géètì iwájú pa.

Oṣù karùn-ún ni. Àwọn ọmọ àgùntàn ti lágbára tó láti gòkè. Mo ń ṣiṣẹ́ lórí ògiri kan lápá ìsàlẹ̀ nígbà tí Keziah da agbo rẹ̀ dé ẹnu géètì Lorimer. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lorimer jáde sí i. "Mísísì Raine, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ò lè kó wọn gba àárín ilé mi. Ẹ gba ẹ̀yìn abà, lẹ́bàá odò."

"Àbàtà ni ibẹ̀. Màlúù Hird kan wọ ibẹ̀ rí. Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Mo bi àwọn èèyàn kí n tó ti géètì, mà. Wọ́n ní apá ibí ni ẹ máa ń gbà. Apá ibí gbòòrò. Ẹ̀yìn abà náà wà lápá ibí."

"Bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn ni wọ́n ṣe dá ọ lóhùn. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. A máa ń gba inú Thorngill ni. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Inú rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi gba inú rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ́..."

"Mo ti fara balẹ̀. Ṣí géètì."

Kò ṣí i. Keziah da agbo padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò dúró.

Mo ní, "Kí lo máa ṣe?"

"Màá gba inú rẹ̀," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí káńsù, wọ́n ní àwọn yóò rán ẹnì kan wá gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, kó sì pinnu bóyá ọ̀nà wà níbẹ̀ àbí kò sí. A dúró. Agbo Keziah ń jẹ koríko pápá ìsàlẹ̀, èyí tó yẹ kó gé, kó sá, kó tọ́jú de ìgbà òtútù. Gbogbo wa la rí i. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ebi ni yóò pa wọ́n nígbà òtútù. Bí wọn kò bá sì gòkè, àwọn ọmọ ọdún yẹn kò ní mọ òkè wọn. Ọ̀nà méjèèjì, agbo Amos yóò parí.

Ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà ọ̀nà ẹsẹ̀ rán lọ́yà wá ràn án lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Frayne. Bàtà rẹ̀ kò bá ilẹ̀ wa mu, ṣùgbọ́n ó láyà. Ó jókòó ní ilé ìdáná Keziah, èmi náà wà níbẹ̀. Keziah gbé kéèkì èso àti wàràkàṣì síwájú rẹ̀. Frayne bi í ní ìbéèrè, ó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó ka ohun tó kọ.

"Èmi, Keziah Raine, ti lo ọ̀nà tó lọ sí orí òkè láti ìgbà èwe mi."

Keziah ní, "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kọ́. Èmi kò lo ọ̀nà rí. Ọṣẹ là ń lò."

Frayne rẹ́rìn-ín. Keziah kò rẹ́rìn-ín.

"Mísísì Raine, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ohun kan náà ló túmọ̀ sí."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní ẹ ti ń gba inú Thorngill gòkè lọ sí Blea Rigg láti ìgbà tí ẹ ti mọ ẹsẹ̀ rìn."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

"Ó dà bí... ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, mà."

"Ẹnu mi ló ti jáde. Ibo ló yẹ kó ti jáde?"

Frayne ṣàlàyé pé bí kò bá fọwọ́ sí ìwé náà, yóò ní láti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, lọ́yà Lorimer yóò sì máa fi ìbéèrè gún un. Ó ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti mú àgbàlagbà sunkún. Àánú Keziah ló ń ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀.

Keziah ní, "Jẹ kéèkì rẹ."

Nígbà tí ọmọ náà lọ, mo ní, "Keziah, ò bá fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré ni."

"Wilf, bí mo bá ní kí o mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ odò, tí o mọ ọ́n sínú odò, ṣé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn?"

Mo dìde, mo lọ sílé.

Ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ni wọ́n ti jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Bẹ́ǹṣì náà ṣì wà níbẹ̀. Tolland lorúkọ ẹni tí wọ́n rán wá, ọkùnrin kúkúrú tí òtútù mú, tó ń nu imú. Lọ́yà Lorimer ń jẹ́ Vesey, ó ga. Gbogbo àfonífojì ló wá, àwọn tí kò ríjòókòó sì dúró ti ògiri.

Vesey dìde sí Keziah. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Mísísì Raine, òótọ́ ni pé ẹ̀yin ará ibí máa ń sọ pé ẹ 'wọlé lọ' sí Keld End?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé Keld End ní ilẹ̀kùn?"

"Rárá."

"Ẹ tún máa ń 'jáde lọ' sí Garsby. Nígbà tí ẹ bá wá dé inú Garsby, ṣé ẹ wà níta ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àwọn tiwa.

"Mà, mi ò bú yín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé, lẹ́nu yín, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí, 'wọlé', 'jáde', 'gba inú', ẹ kàn ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Wọn kò tọ́ka síbì kankan. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ 'gba inú' Thorngill, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo wo ọwọ́ Keziah. Ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, bó ṣe tẹ́ wọn fún tíṣà yẹn.

Ó ní, "Ṣé o níyàwó?"

"Èmi ni mò ń béèrè ìbéèrè, mà."

"Bí ìyàwó rẹ bá ní òun ń bọ̀ wá bá ọ, àbí ó ní òun ń lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ṣé ọ̀ṣọ́ ló ń fi ṣe?"

Ẹ̀rín bú jáde lára àwọn tiwa. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Èwo ló sọ, ọ̀gá?" Tolland fi pẹ́ńsùlù kan tábìlì.

Vesey dúró kí ariwo rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. "Mísísì Raine, ọ̀gbẹ́ni Hird ti kú. Ọkọ yín ti kú. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀yin ará ibí, ta ló lè sọ ibi tí ẹ ń gbà?"

"Àgùntàn mi."

"Ẹ ní?"

"Wọn kò gbọ́ èdè mi, wọn kò gbọ́ tìrẹ. Ṣí géètì iwájú. Ṣí ẹ̀yìn abà pẹ̀lú. So ajá mi mọ́lẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì pa ẹnu mọ́. Wò ó bóyá ọ̀ṣọ́ ni."

Ó yíjú sí Tolland. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ojú rẹ ń ríran?"

Frayne fọwọ́ bo ojú. Tolland nu imú.

Ó ní, "Àgùntàn kì í jẹ́rìí níwájú mi, Mísísì Raine. Ṣùgbọ́n mo ní láti wá wo ibẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Kò sí òfin tó ní kí n di ojú."

Òjò wẹ́liwẹ̀li ló ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n so ajá náà mọ́ òpó ní High Fold, ó ń ké. Wọ́n ṣí ọ̀nà méjèèjì. Keziah ṣí pápá rẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Abo arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti ya ló máa ń ṣíwájú agbo. Ó gòkè wá bó ṣe máa ń ṣe, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ wọn ń ké. Ó dé ẹnu géètì. Ó rí òkúta wẹ́wẹ́ funfun. Ó rí mọ́tò Lorimer tó ń dán láàárín àgbàlá. Ó dúró.

Gbogbo agbo dúró. Abo náà yí orí sápá ọ̀tún, ó gba ìhà ẹ̀yìn abà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko.

Vesey wo Lorimer. Lorimer kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀.

Ọwọ́ Keziah wà nínú àpò ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Èmi mọ ohun tó wà níbẹ̀. Búrẹ́dì ni. Abo yẹn lè gbóòórùn búrẹ́dì láti òdìkejì odò. Bó bá mú un jáde lásán, tó dúró sápá òsì, agbo yóò gba inú. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ. Òfo ni. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Abo náà rìn dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan wọ ẹrẹ̀. Ó fà á yọ, ó gbọn ọ́n, ó padà sẹ́nu géètì. Ó gbóòórùn òkúta funfun náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Wọ́n wọlé. Wọ́n pín yà lára mọ́tò, wọ́n tún papọ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n gba àárín ilé ìdáná àti abà. Ọ̀kan já òdòdó kan nínú ọpọ́n òkúta, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n dé ibi ògiri ẹ̀yìn, wọ́n dúró. Wọn kò jẹ̀, wọn kò yípo. Gbogbo wọn kọ ojú sí ògiri, bí èrò tó ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Tolland la àárín wọn kọjá. Ó fọwọ́ pa ògiri náà. Lára ògiri tiwa, òkúta kan á gùn lé méjì, kí ó má baà là. Níbẹ̀, ìlà méjì tọ́ láti òkè délẹ̀, kò sí òkúta kankan tó gùn kọjá wọn. Tolland rí i fúnra rẹ̀. Ó fi ìka tọ ọ̀kan wálẹ̀, ó tọ èkejì.

Ó bi mí, "Kí ló ń mú kí ó rí báyìí?"

"Ibi tí ògiri bá parí sí la ń tò ó bẹ́ẹ̀."

"Ó parí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ara rẹ̀?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, sà. Wọ́n dí i."

Lorimer ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ mi ní ó ti wó ni. Ibi tó wó ni mo ní kí wọ́n tún ṣe." Mo gbà á gbọ́. Ó ń wo ẹ̀yìn àwọn àgùntàn náà. "Ṣé bí wọ́n á ṣe máa dúró nìyí?"

Keziah ní, "Títí ebi á fi pa wọ́n."

Tolland ní ìwé òun yóò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun kò lè sọ ohunkóhun nísinsìnyí. Ó wọ mọ́tò, òun àti àwọn lọ́yà jáde lọ sí Garsby. Àwọn àgùntàn kò kúrò.

Keziah lọ síbi ògiri. Ó gbé òkúta òkè, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

Lorimer ní, "Mísísì Raine! Wọn ò tíì fún yín láṣẹ!"

"Pe ọlọ́pàá. Yóò wọlé wá láti Garsby. Sọ fún un kó gba inú àgbàlá, ẹ̀yìn abà kò dára." Ó gbé ìkejì. "Wilf, ṣé wíwò lo wá wò mí?"

Mo bọ́ kóòtù mi. Iṣẹ́ àwọn ará Garsby ni, kò ṣòroó tú. Lorimer wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òkúta ìsàlẹ̀ kù díẹ̀, abo arúgbó náà ti mi lẹ́sẹ̀, ó fò ó kọjá. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e gòkè, pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ìwé Tolland dé. Ọ̀nà wà, ó ní. Káńsù ri òpó kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n kan pátákó mọ́ ọn: "Ọ̀nà sí Blea Rigg." Keziah kà á. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, ó gbé ọ̀dà pupa tí a fi ń sàmì sẹ́yìn àgùntàn gòkè wá, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ó gba inú Thorngill."

Káńsù wá fọ̀ ọ́. Ó tún un kọ. Wọ́n tún fọ̀ ọ́. Ó tún un kọ. Ìgbà tí wọ́n tún dé, Lorimer ló jáde sí wọn.

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Inú ibí ló gbà."

Keziah ti wà nínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amos báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń da agbo náà. Òjò ń fọ ọ̀dà yẹn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣá tán, màá tún un kọ.